ỌKỌ̀ TÍ KÒ NÍ AWAKỌ̀: Ìtàn Rẹ̀ àti Ohun Tí Ó Lè Sọ Ìrìn-àjò àti Ọkọ̀ Níní Dà



Àwọn baba wa a máa wí pé, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dá Ifá ní ọrọọrún. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní ìpàdé ọlọ́dọọdún Ẹgbẹ́ wa. Àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ Ẹgbẹ́ pé kí a yá àwọn ní owó láti fi ra ọkọ̀ tákísí, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe fún àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Bí a ti fẹ́ fi ọwọ́ sí i ni ọmọ ìlú wa kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá dìde, ó ní kí a rọra, nítorí pé ní ibi tí òun ń gbé, ọkọ̀ ti ń gbé èrò kiri ìgboro láìsí ẹnikẹ́ni ní ìjókòó awakọ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bínú, àgbà kan sì béèrè bóyá iwin ni ó ń wa ọkọ̀ náà. Ìpàdé túká láìsí ìpinnu.

Nítorí ìyẹn ni a ṣe mú kálámù. A kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, a kò sì fẹ́ kí a fi ẹ̀rín gbá ọ̀rọ̀ tí ó kan oúnjẹ ọ̀pọ̀ ilé dà nù. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn.

BÍ ÀWỌN BABA WA TI Ń RÌN

Kí Òyìnbó tó la ọ̀nà mọ́tò, ẹsẹ̀ ni àwọn baba wa fi ń rìn, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù. Aláàárù ni ọkọ̀ akẹ́rù ìgbà náà. Àwọn tí ó wà ní etí ọ̀sà, bí àwọn ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, a máa fi ọkọ̀ ojú omi gbé ọjà lọ sí Èkó. Ní ọdún 1896 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó wá sí òkè, nígbà tí ó sì di 1901, a ti ṣí i dé Ìbàdàn. Ìrìn-àjò tí ó ń gba ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ di ti ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí mọ́tò fi dé. Ní Èkó, ọ̀gbẹ́ni W. A. Dawodu wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kọ́kọ́ ń ta mọ́tò tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Ní Ìbàdàn, Olóyè Salami Agbájé wà lára àwọn tí ó sọ ọkọ̀ akẹ́rù di òwò ńlá. Kòkó àti èkùrọ́ ń fẹ́ ẹni tí yóò gbé wọn dé ibùdókọ̀ rélùwéè, mọ́tò sì ni ó jẹ́ iṣẹ́ náà. Láti ibẹ̀ ni a ti rí bọ́lẹ́kájà, ọkọ̀ onípákó tí a fi ìjà àwọn èrò inú rẹ̀ sọ lórúkọ. Aláàárù tí ó ń rù láti ìlú dé ìlú pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ di ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ di awakọ̀, awakọ̀ sì di ọlọ́kọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé olókè tí ó wà ní ìlú wa lónìí, igi tí a fi ń dá táyà ọkọ̀ dúró ní orí òkè ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ìyípadà mìíràn tún dé tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ojú rí. Ní ọjọ́ kejì oṣù April, 1972, gbogbo Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì, wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà, ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí àwọn awakọ̀ ti mọ̀ fún nǹkan bí 60 ọdún di èèwọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn tí ó wí pé àgbà awakọ̀ kò lè kọ́ àṣà tuntun rí i pé a lè kọ́ ọ, bí a bá fún wọn ní ìkìlọ̀ ní àkókò. A ó padà sí ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ yìí.

ỌKỌ̀ ONÍNÁ MÀNÀMÁNÁ KÌ Í ṢE ÀLEJÒ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àná ni ọkọ̀ tí ń fi iná mànàmáná rìn dé ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọdún 1897, tákísí oníná mànàmáná ti ń gbé èrò ní ìgboro London, bẹ́ẹ̀ sì ni ní New York. Nínú 4,192 ọkọ̀ tí a ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1900, 1,681 ni ó ń lo ooru omi gbígbóná, 1,575 ni ó ń lo iná mànàmáná, 936 péré ni ó ń lo epo bẹntiróòlù. Ọkọ̀ elépo ni ó kéré jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Bátìrì ìgbà náà wúwo, kò sì lè gbé ọkọ̀ lọ jìnnà. Ní ọdún 1908, Henry Ford gbé ọkọ̀ Model T jáde. Ní 1913 ó ṣètò ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń kọjá níwájú òṣìṣẹ́, tí oníkálùkù sì ń ṣe ipa tirẹ̀ lára rẹ̀, owó ọkọ̀ sì já wálẹ̀ púpọ̀. Ní 1912, ọkọ̀ Cadillac jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ tí Charles Kettering ṣe láti mú ọkọ̀ elépo ta fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ènìyàn ń fi irin yí i níwájú. Epo pọ̀, ó sì pọ́ọ́kú. Ọkọ̀ oníná mànàmáná bá lọ sí ìgbàgbé. Àwọn ọmọ ìlú wa tí ó lọ kàwé ní Ìlú Ọba ní 1950 sí 1970 yóò rántí ọkọ̀ jẹ́jẹ́ tí ń pín wàrà láti ojúlé dé ojúlé ní àfẹ̀mọ́júmọ́: nínú irú wọn ni ó ṣẹ́ kù sí.

Bátìrì ni ó pa á, bátìrì náà ni ó sì jí i dìde. Ní ọdún 1991, ilé iṣẹ́ Sony bẹ̀rẹ̀ sí í ta bátìrì lithium, tí ó fúyẹ́ tí ó sì ń gba agbára púpọ̀. Ní ọdún 2019 ni a fún John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Tesla gbé Roadster jáde ní 2008, Nissan gbé Leaf jáde ní 2010. Ní ọdún 2024, ọkọ̀ oníná mànàmáná tí a tà ní gbogbo ayé ju mílíọ̀nù 17 lọ, èyí tí ó ju ẹyọ kan lọ nínú ọkọ̀ tuntun 5. Ní Norway ní ọdún kan náà, nínú ọkọ̀ tuntun 100, nǹkan bí 89 ni ó jẹ́ oníná mànàmáná.

BÍ ỌKỌ̀ TI KỌ́ LÁTI DARÍ ARA RẸ̀

Àlá ni èyí fún ìgbà pípẹ́. Níbi àfihàn àgbáyé tí a ṣe ní New York ní ọdún 1939, ilé iṣẹ́ General Motors fi àwòrán ìlú kan han àwọn ènìyàn níbi tí ọkọ̀ yóò ti máa darí ara rẹ̀ lórí ọ̀nà ńlá. Ní Jámánì, ọ̀jọ̀gbọ́n Ernst Dickmanns àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ojú kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà kọ́ ọkọ̀ ní ìrìn. Ní ọdún 1995, ọkọ̀ wọn lọ láti Munich dé Odense ní Denmark, ó sì padà, ìrìn-àjò tí ó ju 1,700 kìlómítà lọ, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ọkọ̀ náà fi darí ara rẹ̀.

Ní ọdún 2004, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ẹ̀bùn mílíọ̀nù kan dọ́là kalẹ̀ fún ọkọ̀ aláìláwakọ̀ tí ó bá lè la aṣálẹ̀ Mojave já. Kò sí èyí tí ó dé ibi òpin. Èyí tí ó lọ jìnnà jù kò rìn tó máìlì 8. Àwọn ènìyàn fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ 5 ni ó parí ìrìn máìlì 132, tí ti Yunifásítì Stanford sì gba ipò kìíní. Ní 2009, Google bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, èyí tí ó di ilé iṣẹ́ Waymo ní 2016. Nígbà tí ó di October 2020, àwọn ará Phoenix lè pe ọkọ̀ tí kò ní ẹnikẹ́ni níwájú, kí ó sì gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Lẹ́yìn náà ni ó dé San Francisco, Los Angeles, Austin àti Atlanta.

Kì í ṣe iwin ni ó ń wà á. Kámẹ́rà ni ojú rẹ̀. Ó ń ta ìtànṣán sí gbogbo àyíká, ó sì ń fi ìgbà tí ìtànṣán náà fi padà mọ bí ohun gbogbo ti jìnnà tó. Ó ní àwòrán ọ̀nà tí a ti yà fínnífínní sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ni ó ń kó gbogbo èyí pọ̀ láti pinnu bóyá kí ó dúró tàbí kí ó lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú, àwọn ènìyàn wà ní ọ́fíìsì ní òkèèrè tí ń tọ́ ọ sọ́nà.

Ó tún yẹ kí a sọ ibi tí ó kù sí. Ní March 2018, ọkọ̀ tí a ń fi dán irú iṣẹ́ yìí wò pa obìnrin kan tí ó ń ré títì kọjá ní Tempe, ní Arizona, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ ọkọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ní October 2023, ọkọ̀ aláìláwakọ̀ kan ní San Francisco wọ́ obìnrin kan tí ọkọ̀ mìíràn ti kọ́kọ́ kọlù, ìjọba California sì gba ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ tí ó ni ín. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ni ó ń kú lọ́dọọdún ní ojú ọ̀nà ní gbogbo ayé, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2023, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì wà ní ìdí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí. Ẹ̀rọ kì í mutí, kì í sì í tòògbé.

Òfin pàápàá ti ń yí padà. Ní ọdún 1865, òfin Ìlú Ọba pàṣẹ pé kí ẹnìkan máa rìn ní iwájú ọkọ̀ oníẹ̀rọ pẹ̀lú àsíá pupa. Ọdún 1896 ni a tó mú ìdádúró náà kúrò lórí àwọn ọkọ̀ tí kò wúwo. Ní May 2024, Ìlú Ọba yìí kan náà ṣe òfin tuntun pé nígbà tí ọkọ̀ bá ń darí ara rẹ̀, ilé iṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò dáhùn fún bí ó ti rìn, kì í ṣe ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀. Ní October 2025 sì ni Waymo kéde pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní London ní 2026. Ẹ̀yin ará wa ní London, ẹ gbọ́.

ỌKỌ̀ NÍNÍ ŃKỌ́?

Ní Ìlú Ọba, àwọn tí ó ṣe ìṣirò rí i pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń dúró sójú kan ju ìdá 9 nínú 10 àkókò rẹ̀ lọ. Owó ńlá ni ènìyàn fi ra ohun tí ń sùn. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n kan ṣe ń wí pé, bí ọkọ̀ aláìláwakọ̀ bá pọ̀, tí ó bá sì pọ́ọ́kú, ọ̀pọ̀ ìdílé kò ní ra ọkọ̀ mọ́. Wọn yóò máa pè é nígbà tí wọ́n bá fẹ́, yóò sì lọ gba iná sára fúnra rẹ̀ nígbà tí kò bá sí èrò. Arúgbó, afọ́jú àti arọ, tí kò lè wa ọkọ̀, yóò lè rin ìrìn-àjò láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ohun rere ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹni tí yóò ni ọkọ̀ náà. Àwọn tákísí oníná mànàmáná ti New York ní 1897, ilé iṣẹ́ ni ó ni wọ́n, kì í tà wọ́n fún ẹnikẹ́ni, gbogbo owó sì ń bọ́ sí àpò kan. Ilé iṣẹ́ náà wó ní 1907, ọkọ̀ níní sì tàn kálẹ̀ láàárín àwọn mẹ̀kúnnù. Ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ yẹn tọ̀ ni ayé tún fẹ́ padà sí. Lónìí, owó ọkọ̀ tí èrò kan san, awakọ̀ jẹ nínú rẹ̀, mẹkáníìkì jẹ, avulkanáísà jẹ, ìyá olóúnjẹ tí ó wà ní gáréèjì jẹ. Lọ́jọ́ iwájú, ó ṣeé ṣe kí owó kan náà fò kọjá lórí gbogbo wọn lọ bá ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ní ìlú òkèèrè.

Èkejì, ọkọ̀ láàárín wa kì í ṣe ti ẹnìkan. Ọmọ ìlú tí ó bá ra ọkọ̀, gbogbo agbo ilé ni ó rà á. Òun ni yóò gbé ìyàwó lọ sí ilé ọkọ, òun ni yóò gbé aboyún lọ sí ilé ìgbẹ̀bí ní òru, òun ni yóò gbé òkú àgbà wálé. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ kò mọ ẹbí. Ibi tí àwòrán ọ̀nà rẹ̀ bá dé ni yóò dé, ẹni tí kò bá sì ní owó lọ́wọ́ kò lè fi orúkọ baba rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

ÀWA TI ILÉ ŃKỌ́?

Àwọn kan yóò wí pé, ní ọ̀nà tiwa yìí, tí ewúrẹ́ ń sùn lé, tí kò sí ìlà lójú rẹ̀, tí iná kì í sì í dúró, ẹ̀rọ wo ni ó tó bẹ́ẹ̀? Òótọ́ ni wọ́n sọ. A kò rò pé ọkọ̀ aláìláwakọ̀ yóò tètè dé gáréèjì wa. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná yóò ṣáájú rẹ̀ dé. Ní September 2023, ọkọ̀ ojú irin oníná mànàmáná tí a ń pè ní Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní Èkó láti Marina dé Mile 2, ìrìn kìlómítà 13. Ní ọdún kan náà ni ìjọba Èkó mú bọ́ọ̀sì oníná mànàmáná wọlé láti fi dán an wò. Nígbà tí a sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní May 2023, tí owó lítà epo kan fò láti ìwọ̀n 190 náírà kọjá 480, gbogbo awakọ̀ ni ó mọ̀ pé epo kò ní í pọ́ọ́kú mọ́.

Ẹ tún rántí pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa. Ohun tí Òyìnbó bá lò gbó ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ọkọ̀ tí wọ́n ń rà bá di oníná mànàmáná, òun náà ni yóò di tòkunbọ̀ wa lọ́la. Iná tí ń bẹ nínú bátìrì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè pa mẹkáníìkì tí kò kọ́ nípa rẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN WA

Owó tí a fi kọ́ ilé ìgbẹ̀bí ìlú wa, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ti ọwọ́ àwọn ọmọ wa tí ń wa tákísí ní London àti ní Amẹ́ríkà wá. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ òru láti fi bíríkì ránṣẹ́ sílé, kò yẹ kí a jókòó kí ìyípadà bá a ní òjijì. Àwọn awakọ̀ ọdún 1972 yè nítorí pé a kìlọ̀ fún wọn kí ọjọ́ tó pé. Nítorí náà ni a ṣe ń dá ìmọ̀ràn mẹ́rin.

Ìkíní, kí Ẹgbẹ́ máa yá àwọn ọ̀dọ́ ní owó ọkọ̀ síbẹ̀, nítorí pé ebi kì í dúró de ọ̀la. Ṣùgbọ́n kí owó náà jẹ́ èyí tí a lè san tán láàárín ọdún mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ilé baba rẹ̀ dúró fún un.

Èkejì, kí a ya apá kan owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tí yóò kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, bátìrì àti àtúnṣe ọkọ̀ tuntun. Òṣìṣẹ́ irú èyí kò ní í wá iṣẹ́ tì, yálà ọkọ̀ ní awakọ̀ tàbí kò ní.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka wa ní London ka òfin ọdún 2024 náà dáadáa, kí wọ́n sì ròyìn rẹ̀ fún wa ní ìpàdé tí ń bọ̀. Kí àwọn tí ń wa ọkọ̀ ní òkè òkun fi àkókò tí ó ṣẹ́ kù yìí kọ́ iṣẹ́ kejì.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ọlọ́kọ̀ ìlú wa pa owó pọ̀. Bí ó bá di ọjọ́ tí ọkọ̀ ń darí ara rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, kí a lè ní tiwa, kí owó ọkọ̀ ìlú wa lè máa dúró ní ìlú wa.

Ọmọ aláàárù di ọlọ́kọ̀ nítorí pé ó bá mọ́tò rìn nígbà tí mọ́tò ṣì jẹ́ àlejò. Àwa kò mọ ọdún tí àlejò tuntun yìí yóò kan ìlẹ̀kùn wa, ṣùgbọ́n a ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí ó bá wa lójú oorun. Kí ìlú wa máa gbòòrò sí i, kí àwọn ọmọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi padà wálé láyọ̀. Àṣẹ.